Àfẹ́sọ́nà Tó Káwọ́ Lẹ́rán

Ọjọ́ tí káfíńtà wá tún ẹsẹ̀ tábìlì aránṣọ ṣe ni wọ́n pàdé. Ó kúnlẹ̀ wo ibi tó ti sán, ẹ̀yìn rẹ̀ sì há, kò lè dìde mọ́.

"Bọ̀dá káfíńtà, ẹ má bà mí lórúkọ jẹ́. Èmi obìnrin ló yẹ kí n kúnlẹ̀ kí yín!"

Káfíńtà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìrora wà nínú ẹ̀rín náà. Aránṣọ fà á dìde, ọkàn rẹ̀ sì fà mọ́ ọn.

Ìgbà tí wọ́n ń mú ọjọ́ ìgbéyàwó ni dókítà ní àfi kí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ sí egungun ẹ̀yìn rẹ̀. Wọ́n dá ìgbéyàwó dúró. Láràárọ̀, kí aránṣọ tó ṣí ṣọ́ọ̀bù, ó ń lọ wọ ìbọ̀sẹ̀ àti bàtà fún olólùfẹ́ rẹ̀. Ìyá káfíńtà kò yé yìn ín.

Obìnrin tó ń kọ́ àwọn aláìsàn ní eré ìdárayá nílé ìwòsàn ló da gbogbo ẹ̀ rú.

"Ta ló ń wọ bàtà fún un?"

"Èmi ni, mà," aránṣọ dáhùn tayọ̀tayọ̀.

"Ẹ ń kẹ́ ẹ bà jẹ́. Ẹni tó bá ń dá nǹkan ṣe fúnra rẹ̀ kó tó ṣiṣẹ́ abẹ, òun ló sábà máa ń tètè gbádùn. Ohun tó bá lè ṣe láìpa ara rẹ̀ lára, ẹ fi sílẹ̀ fún un."

Láti ọjọ́ náà ni aránṣọ ti káwọ́ lẹ́rán. Káfíńtà gbẹ́ ọ̀pá kan tó ní ìkọ́ lẹ́nu, òun ló fi ń fa ìbọ̀sẹ̀. Ẹsẹ̀ kan ń gba ogún ìṣẹ́jú. Ọwọ́ aránṣọ ń yún un láti ràn án lọ́wọ́. Ó bá jókòó lé ọwọ́ náà.

Àfi bí ìyá ṣe wọlé.

"Ọmọ mi ń làágùn, ìwọ ń wò ó bí ẹni ń wo sinimá? Bí iṣẹ́ abẹ yìí ò bá yọrí sí rere, má wulẹ̀ pe ara rẹ ní ìyàwó ilé yìí mọ́!"

"Màámi, bí wọ́n ṣe ní ká ṣe é nìyẹn," káfíńtà bẹ̀bẹ̀.

"Ṣé àwọn ló bí ọ ni?"

Ọ̀rọ̀ náà dun aránṣọ wọra. Ó sunkún dé ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀rù sì ń bà á: bó bá jẹ́ pé ìyá ló tọ̀nà ńkọ́? Síbẹ̀, ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ó padà lọ, ó tún káwọ́ lẹ́rán.

Lọ́jọ́ kejì tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà tán, wọ́n ní kí káfíńtà dìde. Ìyá sáré sún mọ́ ọn.

"Ẹ dúró ná, màámi," káfíńtà ní.

Ó yí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó fọwọ́ ti bẹ́ẹ̀dì, ó dìde. Ó di irin tí wọ́n fi ń rìn mú, ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó gbé èkejì. Obìnrin eré ìdárayá dúró tì í, kò fọwọ́ kàn án.

Ìyá wo ọmọ rẹ̀, ó wo aránṣọ, ojú tì í. Ó lọ jókòó ti aránṣọ.

"Ìyàwó mi, má bínú sí mi. Ọjọ́ wo la wá mú báyìí?"

"Ẹ ò gbọdọ̀ mú ọjọ́ kankan lẹ́yìn mi o!" káfíńtà ké láàárín yàrá. "Ẹ dúró, mo ń bọ̀."

Ó sì ń bọ̀ lóòótọ́.