Pátákó Tó Kọjú sí Ògiri

"Ẹ tún ti ha á! Àǹtí, ẹ tún ti ha á kúrò!"

Ohùn Lọ́yà gba gbogbo yàrá iṣẹ́ náà kan. Báàgì ilé ìwé ṣì wà léjìká rẹ̀, bàtà ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ Àǹtí, àbúrò ìyá rẹ̀, kì í fẹ́ rí bàtà nínú yàrá yẹn rárá. Pátákó ńlá kan tó fẹ̀ tó ilẹ̀kùn fara ti ògiri níwájú wọn. Nígbà tí ọmọ yìí ń lọ sílé ìwé láàárọ̀, àwọ̀ pupa kan ń ṣàn kọjá lórí pátákó náà bí odò. Ó dúró wò ó títí, ó sì tìtorí ẹ̀ pẹ́ dé ilé ìwé. Ní báyìí, kò sí odò, kò sí pupa. Èérún ọ̀dà ló kún ilẹ̀, irin pẹlẹbẹ tí àwọn akunlé fi ń ha ògiri sì wà lọ́wọ́ Àǹtí.

"Ó ti lẹ́wà jù," ni Àǹtí wí.

"Ó lẹ́wà jù, lẹ wá pa á?"

"Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi ń yí i po. Gbogbo ohun tí mo bá fẹ́ fi sí i, ẹ̀rù á máa bà mí kí n má ba pupa yẹn jẹ́. Ṣé èmi ni mò ń ya àwòrán ni, àbí pupa ló ń rán mi níṣẹ́? Bọ́ bàtà ẹ."

"Ẹ bá ti fún mi."

"Kí o fi ṣe kí ni?"

"Kí n fi ṣe ìdánwò. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ló kù."

Àǹtí wò ó láti òkè délẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó nu irin náà sára aṣọ iṣẹ́ rẹ̀. "Lọ́yà, ẹjọ́ ẹ ti pọ̀ jù. Mo ní bọ́ bàtà."

Àǹtí yìí náà ló sọ ọ́ ní Lọ́yà, nítorí láti ìgbà tí ọmọ náà ti lè sọ̀rọ̀, kò sí nǹkan tó gbà rí láìjiyàn. Ó bọ́ bàtà, ṣùgbọ́n ó ń kùn bó ṣe ń bọ́ ọ.

Ẹni tí kò bá tíì rí obìnrin yìí lẹ́nu iṣẹ́ rí lè rò pé orí ẹ̀ ti ń dà rú. Ayàwòrán ni, ṣùgbọ́n kì í ya èèyàn, kì í ya igi, kì í ya ilé. Àwọ̀ lásán àti ìlà lásán ló ń yà, á sì yà wọ́n débi pé ṣe ni wọ́n á máa wo èèyàn padà. Kì í fi pẹ́ńsù ṣètò ohunkóhun. Láàárọ̀, á wọlé pẹ̀lú ẹsẹ̀ lásán, á ṣí fèrèsé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, á wá máa rìn yí yàrá ká bí ẹni tó ń wá kọ́kọ́rọ́ tó sọ nù. Ó lè tó wákàtí kan kó tó fọwọ́ kan ọ̀dà. Lójijì, ọwọ́ ẹ̀ á nà sí agolo kan, kò ní wo èyí tó mú, á fi àtẹ́lẹwọ́ bu ọ̀dà, á sì là á mọ́ pátákó pàá.

"Kọ́kọ́ dá ìjà sílẹ̀ ná," lọ̀rọ̀ tó máa ń sọ, "kó o wá máa làjà."

Bẹ́ẹ̀ ni á ṣe máa làjà láti àárọ̀ títí oòrùn á fi kúrò lójú fèrèsé. Àwọ̀ eérú á bá búlúù wí. Funfun á dá sí i, á sì jẹ̀bi. Á fi àkísà nù ún, á fi ìyàrun tí eyín rẹ̀ ti ká fa ìlà sí i lára, á yí pátákó náà dorí kodò, á kọ ẹ̀yìn sí i, á máa wò ó láti inú dígí tó wà lára ògiri kejì. Nígbà míì á máa fi imú kọrin kan tí kò ní orí, tí kò ní ìdí. Tó bá wá dé ibì kan tí ojú rẹ̀ ò rí nǹkan kan mọ́, á gbé pátákó náà, á kọjú ẹ̀ sí ògiri, á sì fi í sílẹ̀ síbẹ̀.

"Ó ń sùn," ni á wí. "Ó dìgbà tí ojú mi bá gbàgbé ẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo bá yí i padà tó bá mi lójijì, á sọ ohun tó kù fún mi."

Àwọn kan á sùn fún oṣù kan, àwọn míì fún ọdún méjì. Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ń ṣẹlẹ̀, pátákó tó kọjú sí ògiri nínú yàrá náà tó ogún, ìkankan nínú wọn ò sì ní orúkọ lára, torí Àǹtí kì í forúkọ sí iṣẹ́ tí kò bá tíì parí.

Láti ọmọ ọdún méje ni Lọ́yà ti máa ń dojú páànù omi dé, á jókòó lé e, á máa wò ó. Ibì kan wà tó fẹ́ràn jù. Àǹtí á ti gbé búrọ́ọ̀ṣì sókè, ọwọ́ rẹ̀ á kàn dúró lófuurufú. Á gbé orí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Á rọra gbé búrọ́ọ̀ṣì kalẹ̀. Ó tán nìyẹn. Pátákó tó dà bí ọjà tí òjò tú ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá sẹ́yìn á ti tò, kálukú ti wà níbi tó yẹ kó wà.

"Báwo lẹ ṣe ń mọ̀ pé ó ti tán?" ni Lọ́yà bi í lọ́jọ́ kan.

"Tó o bá ń jẹun, ta ló ń sọ fún ẹ pé o ti yó?"

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn létí, ṣùgbọ́n kò ran ìdánwò lọ́wọ́. Gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣe iṣẹ́ ọnà gbọ́dọ̀ ya pátákó kan nílé, kí ó forúkọ sí i, kí ó gbé e wá síwájú olùdánwò tó máa ti ìta wá. Ìdajì máàkì wà lórí pátákó kan yẹn. Ilé ẹ̀kọ́ gíga tí Lọ́yà ti ń lálàá ẹ̀ láti kékeré kì í sì gba ẹni tó bá fìdí rẹmi níbẹ̀.

Ó gbìyànjú. Ó fi pẹ́ńsù àti rúlà pín pátákó sí yàrá méjìlá, ó kọ nọ́ńbà sí wọn, ó kun wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sí èyí tó kọjá ààlà. Nígbà tó parí, ó dà bí aṣọ orí tábìlì. Àǹtí wò ó, ó ní, "Ó mọ́ tónítóní." Kò sí èébú tó ju ìyẹn lọ lẹ́nu Àǹtí.

Ní ọ̀sán Sátidé kan tí Àǹtí jáde, inú bí Lọ́yà. Ó gbé pátákó mìíràn, ó bu ọ̀dà aláwọ̀ ilẹ̀, ó là á mọ́ ọn. Ó bu eérú lé e. Ó fi ìyàrun ha á. Funfun kan yọ lábẹ́, ó bò ó. Ó tún yọ, ó tún bò ó. Ìgbà tí ó tún yọ lẹ́ẹ̀kẹta, ó fi í sílẹ̀, ó sì ń tún gbogbo àwọn yòókù ṣe nítorí rẹ̀. Ìyá rẹ̀ pè é fún oúnjẹ nígbà mẹ́ta, kò gbọ́. Nígbà tí ojú rẹ̀ fi máa là, ọwọ́ rẹ̀ dúró lófuurufú, ẹ̀rù sì bà á. Kò mọ ohun tó yà. Kò lè ṣàlàyé ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ó gbé e sẹ́yìn dúrọ́ọ̀mù omi tó wà ní igun yàrá iṣẹ́ náà, ìtìjú ò sì jẹ́ kó sọ fún Àǹtí.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí gbogbo kíláàsì ń pè ní Rúlà ló kọ́kọ́ rí i. Rúlà kò lè fa ìlà kan láìlo rúlà, ibẹ̀ ni orúkọ yẹn ti wá.

"Kí lèyí? Ó dà bí ìgbà tí mọ́tò ta ẹrẹ̀ sí èèyàn lára."

Lọ́yà rẹ́rìn-ín, ó sì dá pátákó náà padà síbi tó wà. "Fi í sílẹ̀. Eré ni mo fi ń ṣe."

Rúlà ti lọ sí ìdí ògiri, ó ń yí àwọn pátákó Àǹtí padà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó dé ìkẹsàn-án, ó dúró. Búlúù ni, ó jìn bíi pé èèyàn lè ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ dé ìgúnpá.

"Èyí ni kó o mú."

"Ìwọ yìí ò gbádùn. Iṣẹ́ Àǹtí ni."

"Orúkọ wọn dà lára ẹ̀?"

"Wọn ò tíì parí ẹ̀ ni."

"Wọ́n ti gbàgbé ẹ̀ ni. Wo eruku. Lọ́yà, àwọ̀ lásán mà ni. Ta ló fẹ́ dá búlúù tìẹ mọ̀ yàtọ̀ sí tiwọn? Àbí ẹrẹ̀ yẹn lo fẹ́ gbé lọ?"

Lọ́yà jiyàn. Ó jiyàn, ṣùgbọ́n kò jiyàn pẹ́ tó bó ṣe máa ń jiyàn. Ní Ọjọ́bọ̀ tí Àǹtí lọ ra ọ̀dà, ó gbé búlúù náà, ó forúkọ ara rẹ̀ sí i ní igun ìsàlẹ̀, ó fi aṣọ ìtẹ́sùn wé e, ó sì gbé e lọ sílé Rúlà. Ó fa àwọn pátákó tó kù sún mọ́ra kí àyè má ṣófo.

Lọ́jọ́ ìdánwò, akọ̀wé kan jókòó sí ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn. Bí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan ṣe ń wọlé, ó ń lu òǹtẹ̀ sẹ́yìn pátákó rẹ̀. "Èyí tí mo bá lù la máa wò," ló ń sọ. "Kò sí pàṣípààrọ̀."

Ìyá àgbà kan ni olùdánwò. Ó so awò ojú rẹ̀ mọ́ okùn lọ́rùn, ọ̀dà sì wà lábẹ́ èékánná rẹ̀. Ó dé iwájú búlúù. Ó sún sẹ́yìn, ó sún síwájú, ó gbé orí sí ẹ̀gbẹ́ kan, gẹ́lẹ́ bí Àǹtí ṣe máa ń ṣe. Ẹ̀rín músẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lójú rẹ̀. Àyà Lọ́yà balẹ̀.

"Iṣẹ́ gidi nìyí," ni ìyá náà wí. Ó fi èékánná kan etí pátákó. "Mo ka àwọ̀ mẹ́fà lábẹ́ búlúù yìí. Dúdú rèé. Àwọ̀ ewé rèé. Pupa yìí pọ̀ díẹ̀. Sọ fún mi nípa pupa yẹn. Kí ló ṣe tó o fi pa á?"

Lọ́yà ti há àlàyé sórí láti ọjọ́ mẹ́rin. "Búlúù dúró fún àlàáfíà, mà. Ó tún dúró fún òkun, àti—"

"Mi ò bi ọ́ ní àlàáfíà. Pupa ni mo bi ọ́."

"Mo... mo kàn yí ọkàn padà, mà."

"Kí lo rí tó yí ọkàn ẹ padà?"

Ọmọ tó ti ń jiyàn láti ìgbà tó ti mọ ọ̀rọ̀ sọ bẹ̀rẹ̀ sí í wo búlúù náà bí ẹni tó ń rí i fún ìgbà àkọ́kọ́.

Ibẹ̀ ni ilẹ̀kùn ti ṣí. Àǹtí ló wọlé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, bàtà ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ yàtọ̀ sí tòsì, ó di nǹkan pẹlẹbẹ kan mú lábẹ́ apá.

"Ẹ má bínú sí mi, mà. Ọmọ yìí gbàgbé iṣẹ́ ẹ̀ sílé. Mò ń gbálẹ̀ ni mo bá a lẹ́yìn dúrọ́ọ̀mù. Mo sáré débí ni." Ó tú aṣọ tó fi wé e. Pátákó aláwọ̀ ilẹ̀ ni, funfun kan sì dìde láàárín rẹ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Àǹtí yíjú sí Lọ́yà, ojú rẹ̀ ń dán. "Kí ló dé tó o fi èyí pamọ́ fún mi? Ọdún mẹ́wàá ni mo ti ń wá irú funfun yìí. Mo fi ọwọ́ méjèèjì wá a, mi ò rí i."

Olùdánwò ti gbé awò sójú. "Funfun yìí," ló wí jẹ́ẹ́jẹ́, "báwo ló ṣe dé ibẹ̀?"

"Èmi kọ́ ni mo fi síbẹ̀, mà," ni Lọ́yà wí kó tó mọ̀. "Abẹ́ ló ti yọ. Mo bò ó lẹ́ẹ̀mejì, ó kọ̀. Ìgbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, mo rí i pé àwọn yòókù ló ń dí i lọ́wọ́, kì í ṣe òun ló ń dí wọn. Ni mo bá fa eérú sẹ́yìn, mo fi ìyàrun ṣí ọ̀nà fún un níbí. Ìgbà tó ráyè mí báyìí, ọwọ́ mi kàn dúró."

Ìyá àgbà náà mi orí. Àǹtí náà mi orí. Ó yí padà láti wá ibi tó máa gbé pátákó náà kalẹ̀, ojú rẹ̀ sì bá búlúù.

Ó ka orúkọ tó wà ní igun ìsàlẹ̀. Ó gbé orí sí ẹ̀gbẹ́ kan. "Orí ẹ̀ lo gbé sísàlẹ̀," ló wí.

Olùdánwò wo búlúù, ó wo Àǹtí, ó wá kọjú sí ọmọ náà. "Ta ló ya èyí?"

Ojú Lọ́yà wà nílẹ̀. "Àǹtí mi ni."

"Ti aláwọ̀ ilẹ̀ yìí ńkọ́?"

"Èmi ni, mà."

"Ẹ jọ̀ọ́, mà," ni Àǹtí wí. "Ẹ bá wa fún un ní máàkì lórí tirẹ̀. Ọwọ́ ẹ̀ ló ṣe é. Ẹ̀yin náà gbọ́ bó ṣe ń sọ̀rọ̀ ẹ̀."

"Mo gbọ́. Tó bá jẹ́ pé èyí ló gbé wá láàárọ̀ yìí, ǹ bá fún un ní iye tí mi ò fún ọmọ kankan rí láti ogún ọdún tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí." Ìyá náà yọ awò lójú. "Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ẹlòmíì ló forúkọ ara ẹ̀ sí, òun ni wọ́n sì lu òǹtẹ̀ sí lẹ́yìn. Ohun tó jẹ́ tirẹ̀, òun fúnra ẹ̀ ló fi sẹ́yìn dúrọ́ọ̀mù."

Ó fa ìwé sún mọ́ra, ó wá nọ́ńbà Lọ́yà kàn, ó sì kọ òdo síwájú rẹ̀.