Ìwé Tí Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ Kọ Nípa Ọmọ Oníbàtà

Nígbà tí à ń wí yìí, Bàbá Oníbàtà ṣì wà láyé, òòlù rẹ̀ ṣì ń dún kò-kò-kò láti àárọ̀. Ìyá rẹ̀ arúgbó pàápàá ṣì wà, a máa jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù, a máa wo ẹsẹ̀ àwọn tó ń kọjá, a sì sọ ẹni tí bàtà ń há mọ́ lẹ́sẹ̀. Ìyàwó Bàbá nìkan ló ti lọ. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ló fi sílẹ̀ fún un, òun ni wọ́n ń pè ní Ọmọ Oníbàtà.

Ó ń kẹ́kọ̀ọ́ òwò ní yunifásítì. Bàbá rẹ̀ ti kan tábìlì kan dè é nínú ṣọ́ọ̀bù. "Ibẹ̀ ni wàá jókòó bí o bá jáde, ọ̀gá pátápátá."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ní kíláàsì ló kọ́kọ́ rí ọkùnrin kan. Ó gùn, ó tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n ń pè é ní Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. Ṣòkòtò rẹ̀ kò bo ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rín rẹ̀ bo gbogbo ojú rẹ̀. Ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé lọ́jọ́ tí olùkọ́ wọn pín ìwé kan fún wọn.

"Ẹ yẹ ara yín wò," ni olùkọ́ wí. "Kí lẹ mọ̀ ọ́n ṣe? Kí lẹ fẹ́ràn? Kí lẹ ò lè fara dà? Ohun tí ẹ bá kọ la ó fi mọ ibi tí a ó rán yín lọ kọ́ṣẹ́. Ẹni tó ti wò yín lẹ́nu iṣẹ́ ni kó kọ ojú ìwé kejì. Ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ kẹta ni mo fẹ́ gbà á."

Ọmọ Oníbàtà ń kọ lọ láìgbórí sókè. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ yọjú wò ó.

"Jọ̀ọ́, ṣé bàbá ẹ ló ń kẹ́kọ̀ọ́ níbí ni?"

"Kí ló kàn ọ́?"

"'Bàbá mi fẹ́, bàbá mi ní.' Ìwọ ńkọ́? Ṣé o ò sí nílé ni?"

Inú bí i. Ṣùgbọ́n nígbà tó ka ìwé náà padà, kò rí ara rẹ̀ níbẹ̀. Ó ju ojú ìwé kejì sí i láyà. "Ìwọ alátojúbọ̀, ó yá, máa wò mí."

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ wò ó fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ó rí i bó ṣe ń kọ́ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ohun tí kò yé wọn, tí kì í rẹ̀ ẹ́. Ó rí i bó ṣe ń sùn lórí ìwé ìṣirò. Ojú tí wọ́n ní kó fi wo iṣẹ́, kò pẹ́ kò jìnnà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wo ẹni, ọmọ náà sì ń wojú rẹ̀ padà.

Ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ kẹta ni ìwé náà bọ́ nínú àpò ọmọ náà ní ṣọ́ọ̀bù. Bàbá mú un nílẹ̀, ó kà á:

"Bó bá ń ṣàlàyé nǹkan fúnni, ojú rẹ̀ a tàn. Bó bá jókòó sídìí tábìlì, a dà bí ẹyẹ tí òjò pa. Èèyàn lè máa wò ó títí oòrùn á fi wọ̀."

"Iléèwé wo ló ń kọ irú èyí?" ni Bàbá fi igbe ta. "Pè é wá!"

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ dé. Ìyá àgbà wo ẹsẹ̀ rẹ̀. "Ẹsẹ̀ ẹ̀ gùn, àmọ́ kò fi sá o."

"Ìwọ lo fẹ́ gba ọmọ mi nídìí iṣẹ́ mi?" ni Bàbá bi í.

"Ẹ má bínú, sà. Ohun tí mo rí ni mo kọ."

"O mọ èèyàn wò, àbí? Jókòó síbẹ̀ yẹn. Wò mí fún ọjọ́ mẹ́ta, kí o kọ tèmi. Bí o bá purọ́ ẹyọ kan, o ò ní tẹ ẹnu ọ̀nà yìí mọ́, ọmọ mi á sì jókòó sídìí tábìlì rẹ̀."

Ẹ̀rù ba Ọmọ Oníbàtà dé egungun. Lọ́jọ́ kẹta, ó fà á sẹ́yìn ilẹ̀kùn. "Olówó orí mi ọ̀la, jọ̀ọ́, yìn ín. Bàbá mi fẹ́ràn ìyìn."

"Kí n kọ ohun tó fẹ́, bíi tìẹ?"

Ó tú u sílẹ̀, wọ́n padà sọ́dọ̀ Bàbá.

"Ka á sókè," ni Bàbá wí.

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ṣí ìwé. "'Bàbá yìí mọṣẹ́. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ń gbọ̀n. Bí èèyàn bá wọlé, a fi orúnkún tẹ̀ ẹ́ mọ́ àga. Kì í ṣe ọ̀gá ló ń wá. Ẹ̀rù ló ń bà á pé bí ọwọ́ bá kọ iṣẹ́, òun á dá wà.'"

Bàbá dìde, ojú rẹ̀ pọ́n. Ọmọ Oníbàtà dijú, ó rò pé gbogbo rẹ̀ ti parí.

"Mo ti rí i tipẹ́, ọmọ mi," ni ìyá àgbà wí láti ìta. "Ẹnu rẹ ni mò ń dúró dè."

Bàbá jókòó padà. "Ta ló ń sọ fún ọmọ ẹ̀ pé ẹ̀rù ń ba òun?"

"Bàbá mi," ni ọmọ rẹ̀ wí, omi lójú, "mi ò lè jókòó ti tábìlì. Ẹ̀yin ni màá máa jókòó tì."

Bàbá fi àtẹ́lẹwọ́ nu ojú ọmọ rẹ̀. Ó wá kọjú sí Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. "Tìẹ ńkọ́? Kí ni ìwé sọ pé o lè ṣe?"

"Ó ṣófo, sà. Mo mọ tẹlòmíì wò, mi ò mọ tèmi."

Bàbá bú sẹ́rìn-ín. "Ojú tí kò rí ìpàkọ́ ara ẹ̀! Mú awọ yẹn wá, kí ọwọ́ ẹ má ṣófo pẹ̀lú ìwé ẹ."

Lọ́jọ́ Ẹtì, Ọmọ Oníbàtà dá ìwé padà, ohun tó ti inú ara rẹ̀ wá ló kọ síbẹ̀. Wọ́n rán an lọ síbi tí wọ́n ti ń kọ́ òṣìṣẹ́ níṣẹ́. Lọ́dún kejì, òun àti Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ fọwọ́ síwèé ìgbéyàwó. Nígbà tí Bàbá fẹ́ fọwọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí, ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n lójú gbogbo èèyàn. Kò fi pa mọ́.

Ọdún mẹ́rin sí i ni Bàbá lò láyé. Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ kan, Ọmọ Oníbàtà ti ibi iṣẹ́ dé, ó jókòó tì í lórí ibùsùn bó ti ń ṣe lójoojúmọ́.

"Kí lo kọ́ wọn lónìí?" ni Bàbá béèrè.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé, ọwọ́ tó ń gbọ̀n náà wà nínú tirẹ̀. Kó tó dé ìdajì ọ̀rọ̀, ọwọ́ náà ò gbọ̀n mọ́. Ó mọ̀. Síbẹ̀ ó ṣe àlàyé náà dópin, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, kó tó ké pe ọkọ rẹ̀.