Àsè Níbi Tí Ẹ̀fúùfù Ti Ṣubú

"Ẹ gbé tábìlì yẹn síwájú díẹ̀ sí i. Ẹ jẹ́ kó dojú kọ apẹ̀rẹ̀ bọ́ọ̀lù. Ibẹ̀ gan-an!"

Kóòṣì ló ń pàṣẹ, fèrè tó fi kọ́rùn ń jó láyà rẹ̀ bó ṣe ń rìn sọ́tùn-ún rìn sósì. Òpó àti ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ kan ló jọ gbé tábìlì náà. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe dé iwájú apẹ̀rẹ̀ tó wà lápá ẹnu ọ̀nà, ẹsẹ̀ Òpó kọ̀, kò lọ mọ́.

"Kí ló dé? Ṣé o rí ejò ni?" ni ẹnìkejì rẹ̀ bi í.

"Ilẹ̀ ibẹ̀ ń yọ̀," ni Òpó dá a lóhùn, ó sì fi agbára wọ́ tábìlì náà lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

Ilẹ̀ ò yọ̀. Pákó tí wọ́n fi tẹ́ gbọ̀ngàn eré ìdárayá kọ́lẹ́ẹ̀jì wọn gbẹ, ó ń dán. Ibẹ̀ ni Ẹ̀fúùfù, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ṣubú sí, tí kò dìde mọ́, ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Ibẹ̀ náà ni wọ́n sì fẹ́ tẹ́ aṣọ funfun sí kí wọ́n máa jẹun lọ́sàn-án òní, nítorí pé sáà ìdíje ti parí, àsè ìfúnni ní àmì ẹ̀yẹ sì ti tó ṣe.

Òpó kọ́ lorúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́. Ó ga débi pé bó bá ń wọlé wọn, ó ní láti tẹ̀ ba kí àtẹ́rígbà má baà kí i káàbọ̀. Ìdí apẹ̀rẹ̀ ni ipò rẹ̀ nínú ikọ̀ bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ àwọn obìnrin. Òun ló ń já bọ́ọ̀lù gbà lójú òfuurufú. Ẹ̀fúùfù ni balógun ikọ̀, ó kúrú, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì yá nílẹ̀ bí orúkọ rẹ̀. Bí àwọn méjèèjì bá jọ ń lọ lójú ọ̀nà, àwọn ènìyàn a máa rẹ́rìn-ín pé, "Ẹ wo àkàbà pẹ̀lú àpótí!" Àkàbà ò sì lè lọ síbì kankan kí àpótí má bá a lọ.

Nígbà tí sáà ìdíje ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbóná ni Ẹ̀fúùfù dákú nínú yàrá ìmúra. Òpó nìkan ló wà níbẹ̀. Ètè ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti dúdú bí aró, ó sì pẹ́ díẹ̀ kó tó lajú. Nígbà tó lajú, ẹ̀rín ló bú sí.

"Òpó ń sunkún! Ẹ wá wo Òpó tó ń sunkún! Ebi lásán ni, jàre. Mi ò jẹun láàárọ̀."

"Dìde, jẹ́ ká lọ bá nọ́ọ̀sì."

"Nọ́ọ̀sì kẹ̀? Kó lọ sọ fún Kóòṣì, kí Kóòṣì wá fi mí jókòó títí sáà á fi parí? Dákun, Òpó, má sọ fún ẹnikẹ́ni. Bó o bá jẹ́ ọ̀rẹ́ mi lóòótọ́, má sọ."

Òpó ò sọ. Ó tún ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, kò sọ. Ó rò pé bí ọ̀rẹ́ ṣe ń bo àṣírí ọ̀rẹ́ nìyẹn. Ìgbà tó wá di ọjọ́ ìdíje kan, Ẹ̀fúùfù gba bọ́ọ̀lù, ó fò sókè, ó sì wálẹ̀ bí aṣọ tó já lórí okùn. Bọ́ọ̀lù náà ń ta lọ lórí pákó, gbì, gbì, gbì, títí tó fi lọ dúró lẹ́bàá ògiri. Dókítà ní ọkàn rẹ̀ ló ti ní àbùkù láti inú oyún. Ó ní ká ní wọ́n tètè mọ̀ ni, ìtọ́jú wà fún un.

Látìgbà náà, gbì, gbì, gbì yẹn ò fi Òpó sílẹ̀. Bó bá ń fọṣọ, á gbọ́ ọ. Bí olùkọ́ bá kọjú sí pátákó, á gbọ́ ọ lẹ́yìn ọrùn ara rẹ̀, á sì yíjú padà wéré, kò ní í rí ẹnì kan. Nígbà míì ohùn ni, ohùn tó ní ẹ̀rín nínú: Má sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó sì pa àṣírí náà mọ́ ní tòótọ́. Kò sí ẹni tó mọ̀ pé ó mọ̀.

Èyí tó burú jù níbẹ̀ ni ti ìyá Ẹ̀fúùfù. Aránṣọ ni obìnrin náà. Níbikíbi tó bá ti rí Òpó, á dì mọ́ ọn, orí rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ má dé èjìká ọmọ náà, á ní, "Ọ̀rẹ́ ọmọ mi. Bí mo bá ti rí ẹ, ó dà bíi pé mo rí i." Lọ́jọ́ tó bá sọ bẹ́ẹ̀, Òpó kì í jẹun.

Àwọn àlejò dé. Àwọn òbí jókòó, ọ̀gá kọ́lẹ́ẹ̀jì jókòó, obìnrin kan tó wá láti ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ńlá kan pẹ̀lú jókòó, ó wá wo ẹni tó lè mú lọ. Ìyá Ẹ̀fúùfù wọ aṣọ dúdú, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ Kóòṣì. Wọ́n gbé àwòrán ọmọ rẹ̀ kọ́ sára ògiri lókè orí rẹ̀. Ibi yòówù tí Òpó bá gbà, ojú àwòrán náà ń bá a lọ. Ó mọ̀ pé àwòrán ò lè yí ojú. Síbẹ̀, ó dọ́gbọ́n gba ẹ̀yìn jáde, ó ní òun ń lọ kó ife wá.

Láàárín àwọn páálí tó wà lẹ́yìn ilé ìdáná gbọ̀ngàn náà ni ó ti rí Ìṣáná.

Ọmọ tuntun ni Ìṣáná nínú ikọ̀. Ó tín-ín-rín, inú rẹ̀ sì ń tètè gbiná, ìdí tí wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ yẹn nìyẹn. Ó mọ bọ́ọ̀lù gbá débi pé òun ni Kóòṣì fẹ́ fi ṣe balógun tuntun. Ṣùgbọ́n lásìkò yìí, ilẹ̀ ló wà, ó fi iwájú orí ti ògiri, òógùn bò ó. Òpó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ọwọ́ náà tutù nini.

"Ìṣáná! Kí ló ṣe ẹ́?"

"Kò sí nǹkan kan, Ẹ̀gbọ́n. Ojú mi kàn ṣókùnkùn ni. Mo rò pé mo dákú díẹ̀."

"O dákú díẹ̀? Ṣé wọ́n máa ń dákú díẹ̀ ni? Ṣé ó ti ṣe ẹ́ rí?"

Ìṣáná gbé ojú sílẹ̀. "Ó ti ń ṣe mí, ó pẹ́ díẹ̀. Ẹ̀gbọ́n, ẹ wò ó, tí a bá jẹun tán, mo máa gbá bọ́ọ̀lù balógun. Obìnrin yẹn, torí tèmi ló ṣe wá. Ẹ sì mọ ilé wa, ẹ mọ iye àbúrò tó tẹ̀ lé mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni."

Òpó bojú wẹ̀yìn, bíi pé ẹlòmíràn ló sọ ọ̀rọ̀ yẹn. Àwọn páálí nìkan ló wà níbẹ̀. Kó tó mọ ohun tó ń ṣe, orí rẹ̀ ti mì, ó ti gbà.

Wọ́n jẹ ìrẹsì, wọ́n jẹ adìyẹ, wọ́n rẹ́rìn-ín. Òpó ò mọ adùn ohun tó ń jẹ. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pín àmì ẹ̀yẹ, ìyá Ẹ̀fúùfù dìde, ó gba máìkì.

"Èmi ò mọ nǹkan kan nípa bọ́ọ̀lù," ni ó wí. "Ohun tí mo mọ̀ ni pé ọmọ mi ní ọ̀rẹ́ kan. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ní kí n yan ẹni tó máa gba àmì ẹ̀yẹ Ọ̀rẹ́ Tòótọ́. Èmi ò tún wá ẹnì kankan lọ. Òpó, máa bọ̀."

Àtẹ́wọ́ dún bí òjò lórí páànù. Òpó jáde lọ. Obìnrin náà gbé àmì ẹ̀yẹ náà, àwo gíláàsì kan, lé e lọ́wọ́, ó di ọwọ́ méjèèjì rẹ̀ mú, ó ní, "Ìwọ lo mọ̀ ọ́n jù láyé." Òpó ní, "Ẹ ṣé, Mà," ó sì padà lọ jókòó. Gíláàsì yẹn wúwo lórí itan rẹ̀ bí òkúta.

Lẹ́yìn náà, wọ́n kó àwọn tábìlì àárín kúrò. Kóòṣì fọn fèrè. Àṣà ikọ̀ náà ni pé balógun tuntun á fi bọ́ọ̀lù sáré láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì, àwọn tó kù á máa gbìyànjú láti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, gbogbo àlejò á sì máa pariwo. Ìṣáná bọ́ bàtà àsè, ó wọ bàtà eré. Ó rẹ́rìn-ín sí obìnrin àlejò náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ta bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀.

Gbì. Gbì. Gbì.

Lọ́tẹ̀ yìí, gbogbo ènìyàn ló ń gbọ́ ọ. Ìṣáná kọjá ẹni àkọ́kọ́, ó kọjá ẹnìkejì, ó dorí kọ apẹ̀rẹ̀ tó wà lápá ẹnu ọ̀nà. Òpó rí i tí ètè rẹ̀ funfun. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Òpó ò mọ ìgbà tó dìde. Ó gbé àwo gíláàsì sílẹ̀, ó fi aṣọ àsè rẹ̀ já wọ àárín pápá, ó na ọwọ́ gígùn rẹ̀, ó já bọ́ọ̀lù náà gbà, ó sì gbá a mọ́ra.

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Wọ́n rò pé eré ni.

"Òpó, ta ló pè ẹ́ sí i?" ni Kóòṣì wí, òun náà ń rẹ́rìn-ín.

"Kò gbọdọ̀ sáré, sà. Ó dákú ní ẹ̀ẹ̀kan lẹ́yìn ilé ìdáná. Ó ti ń dákú tipẹ́."

"Irọ́ ni!" Ìṣáná pariwo. "Ìlara ló ń ṣe é! Ẹ gba bọ́ọ̀lù fún mi!"

"Fara balẹ̀, Òpó," ni Kóòṣì wí. "Ara ọmọdé a máa rẹ̀ ẹ́. Báwo lo ṣe mọ̀ pé ó le tó bẹ́ẹ̀?"

Òpó gbọ́ ohùn yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i: Má sọ fún ẹnikẹ́ni.

"Nítorí pé bẹ́ẹ̀ ló ṣe Ẹ̀fúùfù," ni ó wí. "Ẹ̀ẹ̀mejì ló dákú lójú mi. Ó ní kí n má sọ. Mi ò sọ."

Ìyá Ẹ̀fúùfù dìde. Kò pariwo. "O mọ̀?"

"Mo mọ̀, Mà."

Obìnrin náà mú àpò rẹ̀. Ó gba àárín pápá kọjá, bàtà rẹ̀ nìkan ló ń dún, ó sì jáde. Nọ́ọ̀sì kọ́lẹ́ẹ̀jì sáré dé, ó di Ìṣáná mú lápá. Ìṣáná ń jà, ó ń sunkún: "Ọ̀dàlẹ̀! Ẹ ti ba ayé mi jẹ́!" Kó tó dé ẹnu ọ̀nà, orókún rẹ̀ yẹ̀, ó dà sí nọ́ọ̀sì lára.

Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Àìsàn Ẹ̀fúùfù kọ́ ló ṣe é. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lára. Dókítà sọ fún àwọn òbí rẹ̀ pé ká ní ó ń bá eré yẹn lọ, ọ̀rọ̀ míì là bá máa sọ. Wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ kún ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n fún un lóògùn, wọ́n ní kó sinmi títí di sáà tó ń bọ̀. Obìnrin ẹgbẹ́ ńlá náà mú ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì mìíràn lọ. Ìṣáná ò kí Òpó mọ́. Nínú ikọ̀, àwọn kan ní ó ṣeun, àwọn kan sì ń pè é ní Òpó Tó Wó, wọn ò sì pè é ní kọ̀rọ̀.

Ohun tó ń dun Òpó kọjá ìyẹn. Ó máa ń gbìyànjú láti lọ sí ṣọ́ọ̀bù aránṣọ náà, á dé ìtòsí, á padà. Nígbà tó ṣe, ó wọlé. Ìyá Ẹ̀fúùfù ń wa ẹ̀rọ ìránṣọ, kò gbójú sókè.

"Mà, ẹ dárí jì mí."

Ẹ̀rọ ń lọ. Ó rán etí aṣọ náà dópin, ó já òwú, kó tó wá sọ̀rọ̀.

"Mi ò tíì lè ṣe é. Mi ò ní í parọ́ fún ẹ. Ojoojúmọ́ ni mo ń bi ara mi pé, èmi tí mo bí i, báwo ni mi ò ṣe mọ̀? Àṣé ẹnì kan mọ̀." Ó nu ojú rẹ̀ pẹ̀lú ègé aṣọ kan. "Ìyá ọmọ yẹn wá síbí lánàá. Ó ní Ìṣáná ti ń jẹun dáadáa, ó tún ti ń bá àwọn àbúrò rẹ̀ jà. Mo sunkún títí. Mi ò mọ̀ bóyá ti ayọ̀ ni."

Òpó ní, "Ó ń bínú sí mi, Mà. Ó ní ọ̀dàlẹ̀ ni mí."

"Jẹ́ kó bínú." Ìyá Ẹ̀fúùfù gbójú sókè fún ìgbà àkọ́kọ́. "Ẹni tó wà láàyè ló ń bínú. Gbọ́, kó o sì lọ sọ ọ́ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ: bí ọ̀rẹ́ bá ní kẹ́ ẹ jọ pa àìsàn mọ́, òun kọ́ ló ń sọ̀rọ̀, ẹ̀rù ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Má dá ẹ̀rù lóhùn. Sọ fún àgbà. Ẹni tó bá bo àṣírí tó lè pa ẹni, kì í ṣe ọ̀rẹ́ ló ń bá ṣe, ikú ló ń bá kẹ́gbẹ́."

Ó dìde. Kọ́tìnì tó rán gùn, ó sì fẹ̀, ẹnì kan ò lè dá ká a. Ó na etí kọ́tìnì náà kan sí Òpó.

"Di ibí mú," ni ó wí. "Má jẹ́ kó kan ilẹ̀."