Ojú Tó Ń Wolẹ̀

"Ẹ wò ó, Àǹtí, kò lè wo ojú yín! Irọ́ ló ń pa!"

Fẹ́rànmí ló sọ̀rọ̀ yẹn níwájú gbogbo kíláàsì SS2, nílé-ìwé wọn ní Nyanya. Fóònù Àǹtí Felicia, olùkọ́ wọn, ti di àwátì. Mùlíkàt ló gbálẹ̀ ọ́fíìsì rẹ̀ láàárọ̀ Ọjọ́rú náà, òun ni olùkọ́ sì ń bi léèrè. Ọmọ yìí kò tíì pé oṣù mẹ́ta tó ti Ṣakí dé. Ó kúnlẹ̀, ó wolẹ̀, ó ní, "Èmi kọ́, ma."

Ìwé pẹlẹbẹ kan wà tí Fẹ́rànmí rà lẹ́bàá títì, tó ń ṣàlàyé bí ọkàn ènìyàn ṣe ń ronú. Ó kà á títí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ń pè é ní Dókítà Ọkàn. Ìwé náà ní òpùrọ́ ni ẹni tí kò bá lè wojú ẹni.

"Dókítà Ọkàn ti sọ̀rọ̀!" ni Japheth pariwo láti ẹ̀yìn. Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín.

Àǹtí Felicia yọ Mùlíkàt kúrò nínú ìdíje ìṣirò ọjọ́ kejì, ìdíje tí ọmọ náà ti fi oṣù méjì múra sílẹ̀ fún.

Lọ́jọ́ Ẹtì, Sàkáríyà tó ń bá wọn ṣáàjì fóònù lódìkejì títì wọlé wẹ́rẹ́. "Kai, Àǹtí! Láti Ọjọ́rú tí ẹ gbé e wá ni fóònù yín ti wà lọ́dọ̀ mi!"

Àǹtí Felicia bẹ Mùlíkàt, ṣùgbọ́n ìdíje ti parí.

Nígbà tí Fẹ́rànmí délé, kò lè jẹun. Ìyá àgbà rẹ̀, Àwẹ̀ró, tó ń ṣa ẹ̀wà, wádìí títí ó fi jẹ́wọ́ ohun tí ìwé náà mú un sọ sí Mùlíkàt.

"Ẹni tó kọ ìwé yẹn, ṣé ó dé Ṣakí rí?" ni màmá bèèrè. "Ọmọ tó bá tẹjú mọ́ àgbà tó ń bá a wí, àfojúdi ló ń ṣe! Èmi alára ńkọ́? Lọ́jọ́ tí bàbá àgbà ẹ ní òun fẹ́ mi, mo wolẹ̀ títí mo fi ń ka èèrà. Ó rò pé mi ò fẹ́ òun, ló bá ń lọ. Mo sá tẹ̀ lé e, ni ìró bá tú nídìí mi láàárín ọ̀nà!"

Màmá rẹ́rìn-ín títí ẹ̀wà fi dànù. Fẹ́rànmí kò rẹ́rìn-ín.

"Màmá, èmi ni mo lọ sí ìdíje náà dípò rẹ̀. Inú mi sì dùn."

Ẹ̀rín gé lẹ́nu màmá. "Háà! Ọkàn tó yẹ kó o kọ́kọ́ kà nìyẹn."

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, Fẹ́rànmí kúnlẹ̀ níwájú Mùlíkàt ní kíláàsì. Ó fẹ́ wò ó lójú, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ wúwo, ó ń wá ilẹ̀ lọ.

"Owú ló mú mi sọ ohun tí mo sọ. Jọ̀ọ́, má bínú."

"Kò lè wojú ẹ o! Irọ́ ni!" ni Japheth ké.

"Pa ẹnu mọ́," ni Mùlíkàt dá a lóhùn. "Òótọ́ ló ń sọ." Ó wá yíjú sí Fẹ́rànmí. "Mo ti gbọ́. Àmọ́ inú ṣì ń bí mi. Dìde."

Fẹ́rànmí dìde, ó sì lọ jókòó. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ẹ̀bẹ̀ kò lè sọ ọ́ di odidi mọ́. Ẹ̀yin ọmọ mi, kí ẹ tó sọ pé ẹ mọ inú ẹlòmíràn, ẹ kọ́kọ́ yẹ inú tiyín wò.