Orúkọ Tí Kò Sí Lára Ògiri

Ojú méjì péré ni Dwain Purvis, agbábọ́ọ̀lù ẹgbẹ́ wa, kọ́kọ́ rí lára Verna. Wọ́n yọ sí i láti inú ihò kan lára pátákó ayò, ilé kékeré tí Verna ti máa ń fọwọ́ gbé nọ́ńbà ayò kọ́. Dwain tẹjú mọ́ wọn, ó gbàgbé ara rẹ̀. Bọ́ọ̀lù tó yẹ kó hán fò kọjá lórí rẹ̀, ó bọ́ sílẹ̀ gbì, àwọn àlejò sì sáré gba ayò méjì.

"Ṣé èmi ni bọ́ọ̀lù ni, tó o fi ń wò mí?" Verna ló bi í bẹ́ẹ̀, bó ṣe ń gbé nọ́ńbà ìtìjú náà kọ́.

"Ká ní ìwọ ni bọ́ọ̀lù, ǹ bá ti hán ẹ."

"Ẹnu ẹ mú ju ọwọ́ ẹ lọ. Kọjú síwájú, jàre!"

Ẹ má bi mí bí mo ṣe gbọ́. Ogún ọdún ni mo fi ta ẹ̀pà sísun ní pápá yẹn. Kò sóhun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ tí kò détí mi.

Ìlú kékeré ni Corley, àárín oko àgbàdo Iowa ló wà. Láti ọdún 1921 la ti ní ẹgbẹ́ bésìbọ́ọ̀lù (bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń fi igi gbá) tiwa, àwọn Lékèélékèé, a ò sì fìgbà kan jẹ́ ẹgbẹ́ ńlá. Ọ̀dọ̀ wa làwọn ọmọkùnrin ti ń kọ́ṣẹ́. Èyí tó bá gbó, ẹgbẹ́ ńlá á já a lọ. Èyí tí kò bá gbó, wọ́n á ní kó máa lọ sílé. Lọ́dún 1949 tá a gba ife, oṣù ò tíì parí tí márùn-ún fi lọ. Ìdí nìyẹn tá a fi ní àṣà kan: kí ẹni tó ń lọ tó wọ bọ́ọ̀sì, á fi ọ̀dà funfun kọ orúkọ rẹ̀ sára ògiri inú ilé pátákó. Orúkọ tó wà níbẹ̀ lé ní irinwó, ìtàn ẹgbẹ́ wa sì nìyẹn.

Ní gbogbo ọjọ́ Sunday, Dwain á ra ẹ̀pà méjì lọ́wọ́ mi, á ti ọ̀kan gba inú ihò sí Verna, á wá wọlé lọ jókòó tì í. Verna á máa ka ògiri fún un.

"Eléyìí, Hub Tansey, 1934. Ajá ẹ̀ ló bu rẹfirí jẹ."

"Orúkọ tìẹ ńkọ́, ayọ̀ mi?"

"Ẹni tó ń lọ ló ń kọ ọ́. Ibo lèmi ń lọ?"

Bàbá Verna, Emmett Stadtler, tó ń tọ́jú koríko pápá, ò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yìí rárá. "Nínú gbogbo orúkọ tó ò ń kà yẹn, ta ló padà wá?"

"Dádì, Dwain yàtọ̀."

"Gbogbo wọn ló máa ń yàtọ̀ lóṣù kẹfà."

Lóṣù kẹjọ, kóòṣì pe Dwain: ẹgbẹ́ ńlá ń fẹ́ ẹ, bọ́ọ̀sì ti ń dúró. Verna ṣí ọ̀dà, ó na búrọ́ọ̀ṣì sí i. Dwain wo ògiri títí, ó dá búrọ́ọ̀ṣì padà.

"Mi ò kọ."

"Àṣà ni, Dwain!"

"Ìwọ lo sọ pé ẹni tó ń lọ ló ń kọ ọ́. Ìrìn àjò ni mò ń lọ ní tèmi, màá padà. Olólùfẹ́ mi, dúró dè mí."

Emmett pòṣé. "Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán."

Lẹ́tà ń wọlé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ó di oṣooṣù. Nígbà tó di òtútù ọdún kejì, ó dáwọ́ dúró pátápátá. Verna fara dà á títí di oṣù kẹrin, ara rẹ̀ wá kọ̀ ọ́. Ó ki búrọ́ọ̀ṣì bọ ọ̀dà, ó fẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ Dwain síbẹ̀, kí ọkàn rẹ̀ lè sinmi. Bàbá rẹ̀ ló di ọwọ́ náà mú.

"Ẹ̀yin náà lẹ sọ pé kò ní padà wá!"

"Wá orúkọ tèmi fún mi lára ògiri yẹn."

Gbogbo wa la mọ̀ pé Emmett gbá bọ́ọ̀lù fún Lékèélékèé lọ́dún 1956. Verna wá òkè, ó wá ìsàlẹ̀. Kò sí níbẹ̀.

"Wọ́n ní kí n kọ ọ́, mo kọ̀. Ọdún mẹ́ta ni ìyá rẹ fi dúró dè mí. Apá mi ti yẹ̀, ojú ń tì mí, mi ò lè kọ lẹ́tà."

"Kí ló wá dé tẹ́ ẹ fi ń ta kò wá?"

"Torí mo mọ ohun tójú ìyá rẹ rí nígbà tó ń dúró dè mí." Omi lé ròrò sójú bàbá. "Ṣùgbọ́n mo padà wá, ọmọ mi."

Verna pa ọ̀dà náà dé.

Lọ́jọ́ ìdíje àkọ́kọ́ lóṣù karùn-ún, ọkùnrin kan tó ń tiro wá ra ẹ̀pà méjì lọ́wọ́ mi. Ẹ̀pà fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi. Ó gba ẹ̀yìn pápá lọ síbi pátákó, ó ti ọ̀kan wọ inú ihò.

Verna kígbe. Ó gbé nọ́ńbà kọ́ sódì, ó sáré jáde.

"Orúnkún mi ló bàjẹ́," Dwain ń sọ ọ́ bí ọ̀daràn. "Mi ò lè gbá bọ́ọ̀lù mọ́. Mi ò mọ bí mo ṣe máa kọ ọ́ sí ẹ."

"Òmùgọ̀! Ṣé orúnkún ẹ ni mò ń dúró dè?" Ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń fi ẹ̀ṣẹ́ lu àyà Dwain. "Ṣé o máa fẹ́ mi ni àbí o ò ní fẹ́ mi?"

"Màá fẹ́ ẹ, ayọ̀ mi."

Emmett dé, ó gbé réèkì lé Dwain lọ́wọ́. "Ó kù díẹ̀ kí eré bẹ̀rẹ̀, ilẹ̀ ò tíì tẹ́jú. Kí lò ń wò?"

"Mò ń bọ̀, sà."

Àárín koríko yẹn náà ni wọ́n ti ṣègbéyàwó lóṣù kẹfà. Bẹ́ ẹ bá dé Corley, ẹ wọ ilé pátákó, kẹ́ ẹ ka ògiri yẹn dáadáa. Orúkọ méjì lẹ ò ní bá níbẹ̀. Àwọn tó ni ín wà níta, wọ́n ń gé koríko.