Àkàsórí Ganiyat

"Ebinimi, fi mí sílẹ̀ jàre! O ti jẹ́ kó fò mí lórí!"

Inú kẹ̀kẹ́ tó ń gbé wọn láti Ajégúnlẹ̀ lọ sí Apapa ni Ganiyat ti kígbe mọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ báyìí. Ó ń ka Gẹ̀ẹ́sì wúyẹ́wúyẹ́ sábẹ́ ètè. Iléeṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi kan fẹ́ rán akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣoṣo ní iléèwé wọn lọ sí yunifásítì, àwọn méjèèjì ni wọ́n sì ní kó wá sọ̀rọ̀ níwájú àwọn ọ̀gá ibẹ̀. Bí Ganiyat kò bá rí àǹfààní náà gbà, Ìsẹ́yìn, ìlú wọn, ló ń padà sí, nítorí ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ tó ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ ti ní agbára òun kò ká a mọ́.

Ẹ má rò pé olódo ni o! Ní ilé-kéwú, kí Ààfáà tó tún un kà, ó ti wọ̀ ọ́ lórí. Gẹ̀ẹ́sì sísọ nìkan ló ń dà á láàmú. Bó bá ń wá ọ̀rọ̀, ohun tó fẹ́ sọ á ti lọ. Bó bá rí ohun tó fẹ́ sọ, ọ̀rọ̀ á ti sá. Ẹni tó bá lé eku méjì á sì pòfo. Àwọn ọmọ kíláàsì a máa pè é ní "Òyìnbó Ìsẹ́yìn", inú a sì máa bí i burúkú.

Míìsì Ebere, olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ti sọ fún un pé, "Máa wá sọ́dọ̀ mi lẹ́yìn iléèwé, ká jọ máa sọ̀rọ̀ lásán." Ganiyat kọ̀, ojú ń tì í. Ọ̀dọ̀ Martins, ọmọ kíláàsì tó wà níwájú wọn, ló lọ. Ìyẹn kọ Gẹ̀ẹ́sì aládùn fún un, ó sì há a sórí bí ẹni há kéwú.

Ní Apapa, ó bẹ̀rẹ̀, ó ń dà á bí òjò. Àfi bí ìyá kan láàárín àwọn ọ̀gá ṣe gbọ́wọ́ sókè, tó fi Gẹ̀ẹ́sì bi í pé, "Dúró ná, ọmọ mi. Kí lo fẹ́ kó yí padà létí omi níbí?"

Yéè! Ganiyat mọ̀ ọ́n. Ó máa ń bá àwọn ará ilé ra ẹja ní Marine Beach, létí omi náà, níbi tí pàǹtí ti ń dí ọkọ̀ ojú omi lọ́nà. Ṣùgbọ́n ó ń wá ohun tí wọ́n ń pe pàǹtí ní Gẹ̀ẹ́sì, ó ń wá ibi tó bá àkàsórí rẹ̀ dé, ó sì ń di ìbéèrè náà mú, lẹ́ẹ̀kan náà. Gbogbo rẹ̀ já bọ́. Ló bá tún bẹ̀rẹ̀ láti "Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin àgbà". Ibi tí wọ́n ti dá a dúró náà ló tún dákẹ́ sí.

Gẹ̀ẹ́sì Ebinimi ń tiro. Ó ní kí wọ́n tún ìbéèrè bi òun, ó fi ara rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó dáhùn. Òun ni wọ́n mú.

"Mà, kí ló ṣe orí mi?" Ẹkún ni Ganiyat fi bi Míìsì Ebere nígbà tí wọ́n padà dé iléèwé.

"Orí rẹ pé. Kéwú, bó ṣe wà lo ń kà á. Ọ̀rọ̀ ẹnu, ojú ẹsẹ̀ là ń hun ún. Tó o bá gbé garawa, tó o di ọmọ mú, tí wọ́n tún ní kó o ṣílẹ̀kùn, nǹkan á bọ́ lọ́wọ́ rẹ. Ọ̀rọ̀ tó bá ti mọ́ ẹnu lára ni kì í wúwo."

Láti ọjọ́ náà títí táàmù fi parí, Ganiyat ń lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, ó ń sọ ọ́ lọ. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọ ọgbà.

Nínú ọkọ̀ tó ń gbé e padà sí Ìsẹ́yìn, obìnrin kan tí kò gbọ́ Yorùbá fi Gẹ̀ẹ́sì bi í pé báwo ni ọ̀dọ̀ wọn ní Èkó ṣe rí. Ganiyat sọ ti Marine Beach fún un, ti ẹja àti ti pàǹtí. Ó ṣì í sọ níbì kan, ó tún un ṣe, ó ń bá a lọ. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí.

Lójijì ni Ganiyat bú sẹ́kún. Ohun tí ìyá ọjọ́sí bi í ló ṣẹ̀ṣẹ̀ dáhùn yìí, Apapa sì ti jìnnà.

Ẹ̀yin ọmọ wa, èdè tí ẹ bá fẹ́ kí ẹnu yín sọ lọ́jọ́ tó ṣe pàtàkì, ẹ jẹ́ kó máa sọ ọ́ lójoojúmọ́. Bí wọ́n bá ń fi yín rẹ́rìn-ín, ẹ jẹ́ kí wọ́n rín in. Ẹ̀rín yẹn kò pa Ebinimi.