Ibi Tí Màmá Àgbà Fẹ́ Rí

Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Kaweesa bèèrè ọ̀nà títí. Ó bi awakọ̀, ó bi olùkọ́, ó bi àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ẹni tó ni ìrìn náà gan-an ni kò bi.

Màmá Àgbà Nakayiza, ìyá bàbá rẹ̀, ló ni ìrìn. Ọjọ́ ti pẹ́ tí ojú rẹ̀ ti ń ṣú díẹ̀díẹ̀. Dókítà ní kó wá láti Masaka kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un ní Kampala, ṣùgbọ́n kò ṣèlérí pé yóò ríran dáadáa lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀la ni iṣẹ́ abẹ. Òní nìkan ló dájú pé ó ṣì lè fi ojú ara rẹ̀ wo ìlú, ọwọ́ Kaweesa, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ni ìyá rẹ̀ sì fi ètò ọjọ́ náà lé.

Ààfin ọba ní Mengo ló kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn. Mukiibi, ọmọ kíláàsì rẹ̀, bú sẹ́rìn-ín.

"Ààfin kẹ̀? Ṣé iṣẹ́ ìtàn lẹ fẹ́ lọ ṣe ni? Mú màmá wá sí ilé ìtajà tuntun yẹn, níbi tí àtẹ̀gùn ti ń gbé èèyàn gòkè fúnra rẹ̀. Èmi àti Ssali máa wà níbẹ̀. Àbí abúlé lo ṣì ń gbé ni, ará oko?"

Ọ̀rọ̀ "ará oko" yẹn ta á bí ìjàlọ. Ó yí ètò padà.

Ní àárọ̀, Màmá Àgbà wọ gomesi aláwọ̀ ewé, aṣọ iyì àwọn obìnrin Buganda, ó di ọ̀já rẹ̀ le. Ó gbàdúrà lẹ́nu ọ̀nà pé, "Ọlọ́run tó mú wa jáde, mú wa wọlé." Àmín ni Kaweesa ṣe, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ ti wà lọ́dọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Ilẹ̀ ilé ìtajà náà ń dán bíi dígí. Bí Màmá Àgbà ṣe rí i, ó dúró, ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó tò ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri létòlétò, bí wọ́n ṣe ń ṣe nílé níbi tí ẹní bá wà. "Ilé onílé nìyí," ó wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ó sì fi ẹsẹ̀ lásán wọlé.

Mukiibi àti Ssali ti ń wò wọ́n bọ̀.

"Kaweesa," Ssali ní, "ìyá ta nìyẹn tó bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà? Ṣé wọ́n ní kó wá kírun ni?"

Ojú ti Kaweesa débi pé ahọ́n rẹ̀ ṣáájú ọgbọ́n rẹ̀. "N ò mọ̀ ọ́n," ó ní. Ó sì bá wọn gun àtẹ̀gùn tó ń rìn náà, ẹ̀rín wọn ń dún lókè.

Nígbà tó bojú wẹ̀yìn, kò rí Màmá Àgbà mọ́.

Ó sáré sọ̀kalẹ̀. Kò sí i nínú èrò. Ó dé ẹnu ọ̀nà, bàtà náà ò sí níbẹ̀ mọ́. Níta, ọ̀kadà ń sáré lọ sáré bọ̀, obìnrin tí kì í rí ọ̀kadà àfi tó bá dé iwájú rẹ̀ sì wà láàárín wọn níbì kan. Ó wá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kí wọ́n bá a wá a, wọ́n ti bá tiwọn lọ. "Olúwa," ó ń wí bó ti ń sáré, "má jẹ́ kí ẹnu mi pa á fún mi."

Ẹ̀yìn ilé ìtajà ló ti rí i. Ó jókòó sórí àga gígùn pẹ̀lú obìnrin kan tó ń ṣọ́ ibi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí, bàtà ti wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísun wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ìwọ lọmọ ọmọ wọn?" obìnrin náà bi í. "Wọ́n ní kí n má dààmú, pé o ń bọ̀."

"Àtẹ̀gùn tó ń sáré yẹn," Màmá Àgbà ní, "tó bá jẹ́ pé mo fẹ́ gun nǹkan tí kò gbọ́ràn, mo ní màlúù nílé."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Kaweesa ò lè rẹ́rìn-ín. Ó kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ eléruku.

"Màmá Àgbà, mo sọ pé n ò mọ̀ yín."

"Mo gbọ́. Ojú ló ń ṣe mí, etí mi ò ṣe nǹkan kan."

"Ẹ forí jì mí."

Màmá Àgbà bu ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà sí méjì, ó fún un ní ìdajì. "Ọmọ tó bá ṣípá là ń gbé. O ti ṣípá. Dìde, má ba ṣòkòtò rẹ jẹ́."

Àfi bí ẹni pé wọ́n sọ ẹrù igi orí Kaweesa kalẹ̀. Ó mí kanlẹ̀. "Màmá Àgbà, ibo lẹ fẹ́ rí?"

"Namirembe, ṣọ́ọ̀ṣì ńlá orí òkè yẹn. Ibẹ̀ ni bàbá àgbà rẹ ti fi òrùka sí mi lọ́wọ́. Látìgbà tá a ti kó lọ sí Masaka, n ò fojú kàn án mọ́."

Wọ́n wọ bọ́ọ̀sì. Kampala, ìlú tí òkè ń kí òkè, tí òkè ń jẹ́ òkè lóhùn. Orí ọ̀kan nínú wọn ni ṣọ́ọ̀ṣì ńlá náà gúnwà sí, bíríkì pupa rẹ̀ ń tàn nínú oòrùn. Kaweesa ń wo ojú ìyá bàbá rẹ̀ bí ó ti ń tàn pẹ̀lú rẹ̀. Ó wá yé e pé ẹni tó bá fẹ́ mú inú ẹlòmíràn dùn, ẹnu olúwarẹ̀ ni yóò ti kọ́kọ́ gbọ́. Àti pé ẹni tó bá tìtorí ẹ̀rín ọ̀rẹ́ sẹ́ ẹni tó ni ín, ọ̀rẹ́ á lọ, ẹ̀rín á tán, òun nìkan ni yóò kù.

Wọ́n sọ̀kalẹ̀ ní ìsàlẹ̀ òkè. Màmá Àgbà gbé ojú sókè, ó na ọwọ́ rẹ̀ sí i.

"Òkè yìí ga, ọmọ mi. Dì mí lọ́wọ́ mú, má sì rìn ṣáájú mi."